Ọmọ Awakọ̀ Kì Í Ṣe Àjèjì L'Ékòó

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ tó ń ti Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ lọ wá iṣẹ́ l'Ékòó ti tó gẹ́ẹ́. Ọmọ náà ti pé ọdún 18. Ó fi pámíìtì lánà kọ́ṣẹ́, pẹ̀lú àmì "L" pupa níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì jókòó tì í. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fún un ní láìsẹ́ǹsì, ìwé ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ jákèjádò Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ wa ọkọ̀ èrò l'Ékòó, àfi kó tún gba ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ ti ìpínlẹ̀ náà.

A kò bá ẹ̀kọ́ jà o. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà Èkó lè pa èrò. Àmọ́ ta ni yóò san owó ọjọ́ tí kò wakọ̀? Olówó ọkọ̀ kì í gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni awakọ̀ wà; owó rẹ̀ ló ń bèèrè lálẹ́.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba Èkó kò ju èyí lọ: kí wọ́n fún ọmọ tó bá ní láìsẹ́ǹsì tó péye ní oṣù mẹ́ta, kó máa ṣiṣẹ́, kó máa kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń rán ọmọ lọ láìsọ òfin yìí fún un, ẹ̀yin náà jẹ̀bi díẹ̀.