Ẹ Jẹ́ Kí Àgbà Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ́ Ọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Òwe yìí bá ohun tó ń lọ lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mu. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft fi òpin sí àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10, ètò tó ti ń darí àìmọye kọ̀ǹpútà láti ọdún 2015. Ẹ̀rọ tó ń lò ó kò kú, ṣùgbọ́n àtúnṣe tó ń dí ojú ihò mọ́ àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ti dópin, àyàfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kò sì ṣeé gbé sórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́, nítorí ó ń béèrè èròjà ààbò kan, TPM 2.0, tí wọn kò ní.

Àwọn àgbàlagbà ni ọ̀rọ̀ yìí bá jù. Owó ìfẹ̀yìntì kì í fi bẹ́ẹ̀ tó ra kọ̀ǹpútà tuntun, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó wà nílé ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti dìde sí i. Repair Café, tí Martine Postma dá sílẹ̀ ní Amsterdam ní ọdún 2009, jẹ́ ibi tí aládùúgbò ti ń bá aládùúgbò tún áyọ́ọ̀nù àti rédíò ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ọjọ́ Windows 10 ń pé, púpọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn èèyàn gbé Linux sórí kọ̀ǹpútà wọn. Ọ̀fẹ́ ni Linux, tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Ó sì máa ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí Windows 11 kọ̀.

Iṣẹ́ ìyìn ni. Àmọ́ gbígbé ètò tuntun sórí ẹ̀rọ kọ́ ni olórí iṣẹ́. Ìyẹn lè parí láàárín wákàtí kan tàbí méjì. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí màmá bá délé, tí wọn kò rí àwòrán àwọn ọmọ-ọmọ wọn níbi tó máa ń wà, tí àmì tí wọ́n máa ń tẹ̀ láti kọ lẹ́tà sì ti yí padà. Ọ̀dọ́ tó ń kánjú á ní, "Ẹ gbé e wá, Mà, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é." Á gba máòsì, á tẹ ibi mẹ́rin, ó parí. Màmá á dúpẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ohunkóhun.

Ewu wà níbẹ̀. Àgbà tó ń bẹ̀rù ẹ̀rọ ara rẹ̀ ni àwọn gbájúẹ̀ ń wá, àwọn tó ń pe èèyàn lórí fóònù pé Microsoft ló rán àwọn, pé àrùn ti wọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn. Ẹni tó bá mọ bí ilé rẹ̀ ṣe rí ló ń tètè mọ̀ pé àjèjì ti wọlé.

Àwọn kan á ní àgbà kò lè kọ́ nǹkan tuntun mọ́. Irọ́ ni. Ẹni tó kúrò lórí táípúráítà bọ́ sórí kọ̀ǹpútà ti kọ́ ohun tó le ju èyí lọ. Sùúrù olùkọ́ ló kù. Kí olùyọ̀ǹda kọ́kọ́ béèrè ohun tí àgbà ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Bí ohun kan bá wà tí Linux kò lè gbé, kí ó sọ òótọ́. Kí ó ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Kí ó kọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ní lẹ́tà gàdàgbà. Kí ó jẹ́ pé ọwọ́ àgbà ni yóò wà lórí máòsì. Kí ó sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ ilé sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà jẹ́ tòkunbọ̀, irú èyí tí Windows 11 kọ̀ sì wà lára wọn. Àwọn agùnbánirọ̀ ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Kí ló dé tí wọn kò lè fi wákàtí méjì nínú rẹ̀ jókòó ti àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, nínú gbọ̀ngàn ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí? Bí àgbà bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ lónìí, kò ní í máa dúró de ọmọ ẹlòmíràn lọ́la kí ó tó lè wo àwòrán ọmọ tirẹ̀.