Ẹ Má Jẹ́ Kí A Fi Odò Àsà Sílẹ̀ fún Ìjọba Nìkan



Àwa ọmọ Ìṣẹ̀ṣe fúnra wa ni mo fẹ́ bá wí lónìí. A máa ń fọ́nnu pé ẹ̀sìn wa ni ó ń dáàbò bo igi, omi àti ẹranko. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni Odò Àsà, tí ó la ìlú Ìlọrin já, ń gbé lọ? Ọ̀rá ni, pàǹtí ọjà ni, omi ẹ̀gbin ni. Bí ẹ bá sì dé etí odò lẹ́yìn ìwúre wa, ẹ ó rí ọ̀rá tí a fi gbé ẹbọ wá níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àwíjàre wa ni pé àwọn ẹ̀sìn àtọ̀húnrìnwá ni ó ba ilẹ̀ jẹ́. Ìdajì òótọ́ ni. Ní ọdún 2015, àjọ IUCN ka igún mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n run pátápátá, ọjà oògùn ìbílẹ̀ sì wà lára ohun tí ó fà á. Ta ni ó ń ra orí igún? Àwa ni, àti àwọn oníbàárà wa, tí àwọn kan nínú wọn ń kírun, tí àwọn mìíràn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Odídẹrẹ́ tí a ń já ìkóódẹ lára rẹ̀ náà wà nínú ewu. Bí igún bá run tán, irú ẹbọ wo ni a ó máa rú?

Èdè pàápàá wà nínú ewu. Nínú ọfọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, láti inú orúkọ ewé ni ọ̀rọ̀-ìṣe ti ń jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ewé náà rí lè há ọfọ̀ sórí, ṣùgbọ́n ohùn lásán ni ó há.

Ẹ wo Òṣogbo. Kì í ṣe ìwòrò nìkan ni ó gba Igbó Ọ̀ṣun là. Susanne Wenger, àwọn oníṣẹ́-ọnà ìlú, àwọn abọ̀rìṣà àti ìjọba ni ó fọwọ́ sowọ́ pọ̀, títí UNESCO fi gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé ní 2005. Síbẹ̀, ọgbà tí a ṣe yí igbó ká kò lè dá omi dúró. Ìwakùsà wúrà lókè odò, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti ba omi Ọ̀ṣun jẹ́. Ìlú kan ṣoṣo kò lè dá odò tún ṣe.

Nítorí náà, kí gbogbo àdúgbò tí Àsà gbà kọjá jókòó pọ̀: mágàjí, alfa, pásítọ̀, ìyálọ́jà, ọdẹ, darandaran, àwọn tí ń sun èédú àti àwọn ìyá tí ń ṣa èso òrí. Igi òrí lè lò tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó so dáadáa, ọjọ́ kan ni a sì fi ń gé e. Kí wọ́n ka igi àti ìsun omi tí ó kù. Kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ́lé tàbí dáko sí létí odò, lórí igi tí a ó gbìn, ẹni tí yóò ṣọ́ ọ àti ìtanràn tí arúfin yóò san. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n gbé e tọ ìjọba lọ.

Àwọn kan nínú wa yóò bínú pé, lẹ́yìn awuyewuye ọdún Ìṣẹ̀ṣe ní Ìlọrin ní 2023, ṣé alfa ni kí a bá jókòó? Bẹ́ẹ̀ ni. Omi tí alfa fi ń ṣe àlùwàlá ni àwa náà ń bọ. Bí ó bá dìbàjẹ́, kò sí ẹni tí yóò mú un.

Ṣùgbọ́n kí a tó lọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi èèwọ̀ de ara wa: a kò gbọdọ̀ da ọ̀rá sínú odò mọ́, a kò gbọdọ̀ ra igún mọ́. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.