Ta Ni Onílé, Ta Ni Àlejò? Àgbà, Ọmọdé àti Fóònù ní Ìpájà

Ní ọdún 2001, Marc Prensky, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ẹ̀kọ́, ó sì pín ọmọ aráyé sí ọ̀nà méjì nínú rẹ̀. Àwọn tí a bí sí ìgbà kọ̀ǹpútà ni ó pè ní ọmọ onílé. Àwọn tí wọ́n ti dàgbà kí ó tó dé ni ó fi wé àlejò, tí ohùn ìlú tí wọ́n ti wá kò ní kúrò lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì gbà á láìjanpata. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé Ìpájà, ní Alímọ̀ṣọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀.

Ìdí ni pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 yẹn gan-an ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún aráàlú ní Nàìjíríà. Kí ó tó dé, ìlà tẹlifóònù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí kò tó mílíọ̀nù kan. Ta ni ó wá kọ́kọ́ ra ohun tuntun yìí? Kì í ṣe ọmọdé. Ọ̀wọ́n gógó ni fóònù àti ìpè nígbà náà, títí Globacom fi dé ní 2003 tí ó ń ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá. Àgbà tí ń gba owó oṣù ni owó rẹ̀ ká. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ìjọba Lateef Jakande (1979 sí 1983) ń kọ́ ilé sí Abẹ́sàn ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Ẹni tí ó wọlé ṣáájú ọmọ rẹ̀, báwo ni ó ṣe wá di àlejò?

Fóònù ni ó yí padà. Ohun tí a fi ń pe ènìyàn tẹ́lẹ̀ ti di àpò owó àti báńkì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń tẹ̀ ẹ́ láìbẹ̀rù, nítorí pé bí ó bá ṣì í tẹ̀, kò sí ohun púpọ̀ tí yóò sọnù. Bí ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì bá ṣì í tẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì oṣù kan lè bá a lọ. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní ojora, ìṣọ́ra ni.

Pé àgbà lè kọ́ ọ, ọdún 2023 jẹ́rìí sí i. Nígbà tí ètò pípààrọ̀ owó náírà 200, 500 àti 1,000 sọ owó dọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà káàkiri Èkó tí wọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ tiransífà tẹ́lẹ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí oníbàárà fi hàn lójú fóònù tirẹ̀ kì í ṣe owó. Iye tí ó bá wọ inú àkáǹtì ẹni ni owó. Ọjọ́ orí wọn kò dín kù ní oṣù náà. Ìdí tí wọn yóò fi kọ́ ọ ni ó dé.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò kọ́ ju gbígba owó lọ. Bí ó bá di kí wọ́n fi owó ránṣẹ́, ọmọ ni ó ń bá wọn ṣe é, ibí yìí gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ Yorùbá tí a kọ́ dáadáa kì í wo àgbà níran kí ó máa ru ẹrù. Bí ó bá rí bàbá tí ó gbé báàgì, yóò sáré gbà á. Bí ó bá sì rí ìyá tí ó ń wá ibi tí yóò tẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe: "Mọ́mì, ẹ mú un wá, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é." Kí ìyá tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Ìwà ọmọlúàbí ni, ẹ̀kọ́ ni a sì fi du ìyá. Àwọn kan yóò ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n fóònù kì í ṣe akèrègbè. Ọwọ́ àgbà wọ̀ ọ́. Nígbà tí ọmọ náà bá lọ sí yunifásítì ní ìlú mìíràn, tàbí tí ó bá jápa, ìyá a wá di ẹni tí ń ka nọ́ńbà àṣírí báńkì rẹ̀ sókè fún aládùúgbò.

Ohun mìíràn tí ń mú kí ọmọ gba fóònù ni pé kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹ̀rọ ATM kan wà tí wọ́n gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí ojú fóònù ń béèrè lọ́wọ́ ìyá, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọwọ́ ọmọ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ni ó sì yẹ kí ìyẹn kọ́kọ́ ká lára.

Ọmọ onílé náà sì ní ibi tí ó ti jẹ́ àlejò. Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà, àwọn kan tí ọwọ́ wọn yá lórí fóònù sì ń bá kíbọ́ọ̀dù pàdé níbẹ̀ bí àjèjì. Ẹ wo Yorùbá tí ó ń tẹ̀ ránṣẹ́: "oko" ni ó ń kọ fún oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó fi àkọtọ́ 1974 kọ́ni títí irun rẹ̀ fi funfun, mọ ibi tí àmì ń gbé. Kò kàn mọ ibi tí fóònù fi wọ́n pamọ́ sí ni.

Ìdánrawò ìkọ́ni lè gba èyí mọ́ra. Kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan jókòó ti àgbà kan ní Abẹ́sàn tàbí ní Shagari Estate fún wákàtí kan. Ọwọ́ àgbà ni fóònù yóò wà. Ẹ̀yìn ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ká ọwọ́ tirẹ̀ sí. Yorùbá nìkan ni yóò fi tọ́ àgbà sọ́nà títí yóò fi ra káàdì náírà 100 fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àgbà yóò pe gbólóhùn márùn-ún, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ̀ wọ́n tàmì-tàmì, tí àgbà yóò sì máaki wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fọwọ́ kan fóònù àgbà kí káàdì tó wọlé, kí ó tún un bẹ̀rẹ̀.