Rọ́bà tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ìta: ta ló ń ṣọ́ omi tó ń padà sínú ọ̀pá?

Bí ọ̀rọ̀ omi bá ti délẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, ibi kan náà ló máa ń já sí. Ìjọba ò fún wa lómi. Ọ̀pá ti bẹ́. Kò sí iná tí wọ́n máa fi fa omi. Kálukú ti gbẹ́ kànga dẹ̀rọ tirẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí. Àmọ́ ẹjọ́ omi tí kò dé ni gbogbo wa ń rò. Èyí tí mo fẹ́ rò lónìí ni ẹjọ́ omi tó dé, tó sì tún padà síbi tó ti wá, tó gbé ìdọ̀tí dání lọ.

Ẹ wo ẹ̀rọ omi tó wà lóde ilé yín, èyí tí ẹ fi ń fọ mọ́tò, tí ẹ fi ń bomi rin òdòdó, tí ẹ fi ń gbọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù. Ó ṣeé ṣe kí rọ́bà gígùn kan wà lẹ́nu rẹ̀. Níbo ni ìdí rọ́bà yẹn wà báyìí? Ṣé inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọṣẹ ni? Àbí inú dúrọ́ọ̀mù tí tanwíji ti ń lúwẹ̀ẹ́? Àbí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà? Ọ̀pọ̀ wa ò kà á sí, torí a gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni omi ń tọ̀, láti inú ọ̀pá bọ́ síta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ò mọ iwájú, kò mọ ẹ̀yìn. Ibi tí agbára bá ti dín kù ló ń lọ.

Ṣé ẹ ti rí mẹkáníìkì tó ń fa bẹntiróòlù jáde látinú mọ́tò rí? Á ki rọ́bà bọ táǹkì, á fi ẹnu fà á lẹ́ẹ̀kan, á yára sọ ìdí rọ́bà náà kalẹ̀ sínú kéègì. Epo á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn fúnra rẹ̀. Kì í ṣe oògùn. Afẹ́fẹ́ tó wà lójú epo inú táǹkì ló ń tì í lọ síbi tí àyè ti ṣí. Afẹ́fẹ́ kan náà yìí lágbára láti ti omi gòkè nínú ọ̀pá dé nǹkan bíi mítà 10, bí inú ọ̀pá bá ṣófo pátápátá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí rọ́bà tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù nìyẹn. Bí omi inú ọ̀pá bá ń fà sẹ́yìn, tí ẹ̀rọ sì wà ní ṣíṣí, ọ̀pá á fa ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Àti ọṣẹ, àti ìdọ̀tí, àti oògùn, gbogbo rẹ̀ ló máa gbé mì.

Kí ló lè mú kí omi inú ọ̀pá fà sẹ́yìn? Ọ̀pá ńlá lè bẹ́ nísàlẹ̀ àdúgbò. Àwọn panápaná lè fa omi lójijì láti fi pa iná. Iná mànàmáná lè lọ ní ibùdó tí wọ́n ti ń pèsè omi. Aládùúgbò yín lè tan pọ́ǹpù tó so mọ́ ọ̀pá ìjọba ní tààrà, kó máa fa omi bí ọmọdé ṣe ń fi stírọ́ọ̀ fa mínírà. Ọ̀nà kejì tún wà, èyí tó jẹ́ títì dípò fífà. Bí ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi, irú èyí tí àwọn tó ń fọ mọ́tò ń lò, bá wà lẹ́nu rọ́bà, agbára tirẹ̀ lè ju ti ọ̀pá lọ, kó sì ti omi ọṣẹ padà sínú omi tó mọ́.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1969. Ikọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tó ń jẹ́ Holy Cross ń ṣe ìgbáradì lórí pápá. Ẹ̀rọ tó wà ní pápá náà ni wọ́n ń mu. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà lórí ọ̀pá kan náà, nínú kòtò, tí wọ́n fi ń bomi rin koríko pápá. Àwọn ọmọdé àdúgbò tó ní àrùn mẹ́dọ̀wú, tí àwọn dókítà ń pè ní hepatitis, a sì máa ṣeré nínú omi tó dúró síbẹ̀. Iná sọ nílùú, àwọn panápaná fa omi gidi, agbára omi inú ọ̀pá wálẹ̀, ọ̀pá bá fa omi kòtò mì. Nínú èèyàn 97 tó wà nínú ikọ̀ náà, 90 ni àrùn náà ràn. Ìdíje méjì péré ni wọ́n gbá lọ́dún náà, wọ́n fagi lé gbogbo èyí tó kù. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ da májèlé sómi. Ẹ̀rọ ìta tí wọ́n ò fi ìdènà sí ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ pé: "Lọ́yà, ọ̀pá tó wà ládùúgbò tiwa ti gbẹ tipẹ́tipẹ́, omi wo ló tún fẹ́ padà?" Ẹ gbọ́ ìdáhùn mi. Ọ̀pá tó ń gbẹ gan-an ni wàhálà wà. Ní Worcester, omi ń ṣàn tọ̀sán-tòru, àfi ìgbà tí iná sọ kí agbára rẹ̀ tó wálẹ̀. Níbi tiwa, a ò nílò kí iná sọ. Ládùúgbò tí omi ti ń wá láàárọ̀ tó sì ń lọ lọ́sàn-án, yálà Iju ló ń fa omi wọn wá l'Ékòó tàbí Asejire n'Ibadan, ọ̀pá ń ṣófo, ó sì ń fà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí omi bá lọ. Àìdánilójú yìí sì ti kọ́ wa ní àṣà kan. Torí a ò mọ ìgbà tí omi máa dé, a ó ki rọ́bà bọ inú dúrọ́ọ̀mù, a ó ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ gbayawu, a ó gba ọjà lọ. Bí omi bá dé, kó máa rọ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹnìkan bá jókòó ronú ọ̀nà tó rọrùn jù tí ìdọ̀tí lè gbà wọ ọ̀pá ìlú, kò lè rí èyí tó dáa ju ìyẹn lọ.

Àwọn tí kò lo omi ìjọba náà ò tíì bọ́. Ká má tan ara wa, gbogbo ilé tó ní kànga dẹ̀rọ ti di ilé iṣẹ́ olómi fúnra rẹ̀, láìní ẹnjiníà, láìní ẹni tó ń yẹ omi wò. Ẹ mú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ìdílé mẹ́fà ń gbé. Ayálégbé òkè ki rọ́bà bọ dúrọ́ọ̀mù tó rẹ aṣọ sí, ó ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀. Omi inú táǹkì tán. Ìyá tó wà nísàlẹ̀ ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná tiẹ̀ láti gbọn omi sínú ìkòkò. Omi ọṣẹ òkè lè wálẹ̀ wá bá a tààrà. Tàbí ẹ wo àgbẹ̀ tó ń fi rọ́bà pọn omi kànga sínú ike tó ti da oògùn apakòkòrò sí. Ó pa pọ́ǹpù. Bí fáàfù tó wà nídìí ọ̀pá inú kànga bá ti jẹ, omi tó wà nínú rọ́bà á máa wọ́ padà sínú kànga, á sì fa oògùn tẹ̀ lé ara rẹ̀. Kànga yẹn sì ni gbogbo agboolé ń mu.

Kí ni òfin wí sí i? Abala 245 nínú Criminal Code sọ pé ẹni tó bá ba omi kànga, odò, táǹkì tàbí ibi ìkómi sí jẹ́, débi tí kò fi ní dára tó fún ohun tí wọ́n ń lò ó fún, ti ṣẹ̀ sófin, ó sì lè fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Òfin tó dára ni. Àmọ́ ìgbà tí omi bá ti bàjẹ́ tán ló ń wá ọ̀daràn kiri. Ta ló fẹ́ fi ẹ̀rí hàn? Bí agbára omi bá padà sọ́pá, omi á tún mọ́ gaara, ìdọ̀tí á ti wọnú àwọn tó mu ún. Nínú ìdílé mẹ́fà, rọ́bà ta ni?

Ọ̀nà ẹjọ́ owó gbà-máà-bínú náà wà. Lọ́dún 1932, ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ Donoghue àti Stevenson, obìnrin tó ní òun bá òkú ìgbín nínú ìgò ọtí jínjà. Ìdájọ́ yẹn, tí àwọn ilé ẹjọ́ tiwa náà ń tẹ̀ lé, sọ pé ó yẹ ká ṣọ́ra fún aládùúgbò wa. Ó sì fẹ ìtumọ̀ aládùúgbò lójú: ẹnikẹ́ni tó yẹ ká ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé ohun tí a ṣe lè pa lára ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń mu lójú ọ̀pá kan náà, aládùúgbò yín ni, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ ojú ara yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ẹjọ́ ṣe ń pẹ́ ní kóòtù wa. Ọmọ tí inú ń run ò lè dúró de ìdájọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí ìdènà ṣáájú ìjìyà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, onígbáméjì tún jà l'Ékòó, ó sì pa èèyàn. N ò sọ pé rọ́bà ló fà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà tí àrùn inú omi ń gbà wọlé pọ̀, èyí sì jẹ́ ọ̀kan tí a lè fi ọwọ́ ara wa dí. Ìlànà omi mímu tí orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí kò gbà kí kòkòrò E. coli kan ṣoṣo wà nínú mìlílítà 100 omi. Ibùdó omi lè pa ìlànà yẹn mọ́ láàárọ̀, kí ẹ̀yìnkùlé yín bà á jẹ́ lọ́sàn-án.

Àwọn èèyàn wa tó nílé ní London lè jẹ́rìí mi. Láti ọdún 1999 tí òfin wọn lórí ohun èlò omi ti dé, ẹ̀rọ ìta tí wọ́n bá fẹ́ so rọ́bà mọ́ gbọ́dọ̀ ní fáàfù alápá méjì tí kì í jẹ́ kí omi padà. Lọ́pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà, òfin ìkọ́lé wọn béèrè irú ohun kan náà. Ẹ rántí pé omi àwọn wọ̀nyí kì í dá lọ bíi tiwa, síbẹ̀ wọn ò gbà á láàyè.

Kí wá ni nǹkan ọ̀hún? Ìdènà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní vacuum breaker wà, tí ẹ máa lọ́ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ kí ẹ tó lọ́ rọ́bà mọ́ òun náà. Bí omi bá ń bọ̀ síta, ó máa ń gbà á láyè. Bí ọ̀pá bá fẹ́ fà á padà, rọ́bà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ á bo ọ̀nà, àwọn ihò etí rẹ̀ á sì gba afẹ́fẹ́ wọlé, kó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni ọ̀pá máa fà dípò ìdọ̀tí. Kò yẹ kí omi há mọ́ ọn ju wákàtí 12 lọ, nítorí náà ẹ máa ti ẹ̀rọ lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó tán. Kò sì lè dá omi tí ẹ̀rọ alágbára bá ń tì padà dúró. Ìyẹn nílò fáàfù tí àwọn púlọ́ńbà wa ń pè ní non-return.

Èyí tó dájú jù lọ ò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìdí rọ́bà kan omi. Ẹ gbé e sókè ju etí dúrọ́ọ̀mù lọ, kí àlàfo tó wà láàárín wọn má dín sí ìlọ́po méjì fífẹ̀ ẹnu rọ́bà, kí omi máa já bọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀pá ò lè fa ohun tí ẹnu rẹ̀ ò kàn. Ní ti oògùn oko, àlàfo yìí ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ má fọkàn tán fáàfù kékeré kankan.

Àmọ́ ìwà rere ẹnì kọ̀ọ̀kan nìkan ò tó, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ìjọba. Òfin àyíká tí ìpínlẹ̀ Èkó gbé jáde lọ́dún 2017 dá awuyewuye sílẹ̀ torí ó ní kí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kànga dẹ̀rọ gba ìwé àṣẹ. Ariwo ìwé àṣẹ àti owó gba ìgboro kan. Ẹni tó máa gbẹ́ kànga là ń jà lé lórí, ohun tó lè padà sínú kànga ò rí agbẹnusọ. Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Èkíní, kí àwọn àjọ olómi ìpínlẹ̀ má ṣe so ilé kankan mọ́ ọ̀pá mọ́ láìjẹ́ pé fáàfù non-return wà níbi tí ọ̀pá ilé ti pàdé ọ̀pá ìlú. Èkejì, kó jẹ́ ojúṣe onílé láti fi ìdènà sí gbogbo ẹ̀rọ ìta, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ilé, torí onílé ló ń pe púlọ́ńbà, òun ló sì rọrùn fún jù. Ayálégbé tó bá tú u kúrò ló máa dáhùn fún un. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tó fẹ́ fi pọ́ǹpù fa omi ìjọba kọ́kọ́ jẹ́ kí omi náà já sínú táǹkì ilẹ̀, kó tó fà á láti ibẹ̀. Kó yé fi ẹnu pọ́ǹpù mu ọyàn ìlú.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ti omi yìí burú jùyẹn lọ, torí ẹni tó da ìdọ̀tí lè má fara kó o rárá. Ó lè jẹ́ ọmọ ilé kẹta, tí kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ ní rọ́bà, ló máa gbé ife rẹ̀ sí ẹnu ẹ̀rọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde lọ síta, kí ẹ yọ ìdí rọ́bà yẹn kúrò nínú dúrọ́ọ̀mù.