Ẹ̀rọ Nìkan Kọ́ Ni Iná

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Uwasota, nílùú Benin, bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń bú ramúramù létí wa: “Àwọn kọ̀ǹsọ́táńtì ló jẹ owó iná wa. Kí ìjọba ra ẹ̀rọ, ó parí.” Gbogbo ẹni tó jókòó ló kan sáárá sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Wọ́n ń sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn, bí ẹni pé olè ni ẹni tó bá ronú kó tó náwó.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ihovbor, lẹ́bàá ìlú Benin níbí. Ilé iṣẹ́ amúnáwá méjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà. Owó ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ èkíní, lábẹ́ ètò NIPP (iṣẹ́ àkànṣe iná ti orílẹ̀-èdè) tí ìjọba Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Ẹ̀rọ mẹ́rin ni wọ́n gbé síbẹ̀, agbára wọn tó nǹkan bí 450 mẹgawáàtì. Ṣùgbọ́n gáàsì ni ẹ̀rọ wọ̀nyí ń jẹ, a sì ra ẹ̀rọ kí ọ̀rọ̀ gáàsì tó fìdí múlẹ̀. Ohun tó tẹ̀lé e ni pé ẹ̀rọ wà, gáàsì kò tó, ẹ̀rọ ń dákẹ́.

Èkejì ni Azura. Ní 2013 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn títa iná, síbẹ̀ 2016 ni iṣẹ́ ìkọ́lé tó bẹ̀rẹ̀. Kí ni wọ́n ń ṣe láàárín ìgbà yẹn? Ìwé ni wọ́n ń kọ! Ta ni yóò gbé gáàsì wá? Bí kò bá dé, ta ni yóò san gbèsè? Ibo ni iná yóò gbà jáde? Báńkì Àgbáyé náà ní láti rí ìdáhùn kó tó ṣe onídùúró. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀, kò gbà wọ́n ju ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ lọ. Ní 2018, iná tó tó 460 mẹgawáàtì ti ń jáde níbẹ̀. Ilẹ̀ kan náà ni, irú gáàsì kan náà ni. Èkíní rà kó tó béèrè. Èkejì béèrè kó tó rà.

Wọ́n á ní iná Azura wọ́n, pé ìjọba ń sanwó iná tí a kò lò pàápàá. Òótọ́ ni, ó sì dùn mí. Àmọ́ kí ni kò jẹ́ ká lò ó? Wáyà tí yóò gbé e dé ilé wa kò lágbára tó. Ta ló sì ń dáàbò bo ìlú nígbà tí wọ́n ń kọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀? Amòye ni, àwọn kọ̀ǹsọ́táńtì tí a ń bú yìí! Ẹ wo ohun tí àdéhùn burúkú lè fà: ẹ rántí ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ P&ID: àdéhùn gáàsì tí ìjọba bá a ṣe ní 2010, tí wọn kò kọ́ ilé iṣẹ́ kankan lé lórí, ó di gbèsè bílíọ̀nù 6.6 dọ́là lọ́rùn wa ní 2017, kí ilé ẹjọ́ ní London tó fagi lé e ní 2023 nítorí jìbìtì.

Olè wà láàárín kọ̀ǹsọ́táńtì? Ó wà. Àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Òyìnbó ni gbogbo àwọn amòye wọ̀nyí? Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Yunifásítì Benin, UNIBEN, kò jìnnà sí Uwasota, ó sì kún fún ẹnjiníà.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí: ẹni tó ń pariwo yìí kò jẹ́ ra jẹnẹrétọ̀ láìbéèrè iye epo tó ń mu. Kí ló dé tó fi fẹ́ kí wọ́n fi owó gbogbo wa ra ẹ̀rọ ńlá láìbéèrè?

Kí ìjọba gba amòye, kó sanwó fún iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe parí, kó sì tẹ ìwé wọn jáde fún ará ìlú. Gáàsì ṣáájú, wáyà tẹ̀lé e, kí ẹ̀rọ kẹ́yìn.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bí olóṣèlú bá tún ṣèlérí mẹgawáàtì fún ọ, bi í léèrè: gáàsì dà? Wáyà dà? Bí kò bá lè dáhùn, má dìbò fún un.