Ó Yẹ Kí A Kọ́ Ìtàn Tí Ó Wà Nínú Òkúta

Bí a bá sọ fún ènìyàn pé òkun ti wà ní Ewékorò rí, ẹ̀rín ni yóò máa fi wá rín. Síbẹ̀, òótọ́ ni. Nínú òkúta ẹfun tí wọ́n ti ń fọ́ níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1960 láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, a máa ń rí ìkarahun ẹ̀dá inú òkun tí ó ti di òkúta. Ọjọ́ orí wọn lé ní mílíọ̀nù 55 ọdún. Nígbà tí àwọn ẹ̀dá náà kú, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́, ẹrẹ̀ náà le, ó di òkúta, òkun sì fà sẹ́yìn.

Àwọn kan a máa wí pé ìkarahun kì í kún ikùn, àti pé sìmẹ́ǹtì ni a fi ń kọ́lé. Èmi náà kò ní kí a má fọ́ òkúta. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí pé ìkarahun wínníwínní inú ilẹ̀ wà lára ohun tí àwọn tí ń wa epo rọ̀bì fi ń mọ ọjọ́ orí òkúta tí wọ́n ń lu. Ìmọ̀ yìí ń mú owó wọlé.

Lójú tèmi, ó yẹ kí àwọn olùkọ́ máa kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo irú òkúta bẹ́ẹ̀, kí a sì máa ṣa èyí tí ó dára jù pamọ́ kí ẹ̀rọ tó lọ̀ ọ́. Ilé tí ó wó ṣeé tún kọ́. Ìkarahun tí ẹ̀rọ bá ti lọ̀ kò ní arọ́pò. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀: òkúta Ewékorò jẹ́rìí sí i.