Òrìjínà, tòkunbọ̀ àbí Táíwàn: ẹ̀mí èrò wà nínú ohun tí wọ́n ń ná

Onímọ́tò tó bá wọ ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, l'Ékòó, tàbí Géètì n'Ìbàdàn, láti ra ẹ̀yà ara ọkọ̀, ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé: "Ṣé òrìjínà lẹ fẹ́ ni, àbí tòkunbọ̀, àbí Táíwàn?" Owó tó wà lápò rẹ̀ ló sábà máa ń dáhùn. Pẹ̀lú bí náírà ṣe já wálẹ̀ lọ́dún 2023, ta ló fẹ́ dá a lẹ́bi?

Àmọ́, gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní Táíwàn kọ́ ni ayédèrú. Iléeṣẹ́ Toyota kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀ rẹ̀. Denso, tó ti ara Toyota jáde lọ́dún 1949, ló ń bá a ṣe púpọ̀ nínú wọn, Denso yìí kan náà sì ń ta ọjà lórúkọ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ra ojúlówó púlọ́ọ̀gì Denso, tí orúkọ Toyota kò sí lára páálí rẹ̀, kò ra gbàrọgùdù. Èyí tó burú ni ayédèrú tí wọ́n dì sínú páálí òrìjínà, tí wọ́n sì gba owó òrìjínà lé lórí. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ṣùgbọ́n nínú ọjà yìí, owó lè lọ kí ọbẹ̀ má dùn.

Tòkunbọ̀ náà ní tirẹ̀. Ara ọkọ̀ tí wọ́n ti lò lókè òkun ni wọ́n ti tú u. Irin rẹ̀ lè ṣì le dáadáa. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ti gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dìde nílẹ̀ yìí. Ti rọ́bà kò rí bẹ́ẹ̀ o. Rọ́bà ń gbó bó tilẹ̀ jókòó síbì kan lásán. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2314 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Táyà bẹ́ẹ̀ ti lé lọ́dún mẹ́wàá, bó ti wù kó máa dán tó. Àwọn kan tó ń kó táyà wọ̀lú tún máa ń ki mẹ́ta, mẹ́rin bọnú ara wọn kí kọ̀ǹténà lè gbà wọ́n, wáyà inú rẹ̀ lè ti bàjẹ́ kó tó dé ọjà. Àjọ SON, tó ń mójú tó ojúlówó ọjà, ti gbẹ́sẹ̀ lé irú rẹ̀ léraléra.

Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, bọ́ńpà, ọwọ́ ilẹ̀kùn, kí onímọ́tò ra èyí tí agbára rẹ̀ ká. Bíréèkì, táyà àti irin tó so sítíárìn mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò sí nínú ìyẹn. Dírẹ́bà tó ń kó iṣu àti èrò láti abúlé lọ sọ́jà ń ro owó tó máa jẹ́ fún ọlọ́kọ̀ lálẹ́, ọlọ́kọ̀ ń ro gbèsè tó fi ra ọkọ̀, wọ́n á wá pa pọ̀ ra páàdì bíréèkì tó kéré jù lówó. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́yìn kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dúnàá dúrà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀mí tirẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń ná. Ẹni tó ń gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ èrò kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣọ́wó ná níbẹ̀ yẹn.

Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ tún ń kó owó lé mẹkáníìkì lọ́wọ́, wọ́n á sì jókòó sílé. Òun náà fẹ́ jẹun. Kí ọlọ́kọ̀ bá a lọ sọ́jà, kó gba rìsíìtì tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà lórí rẹ̀, kó sì ní kí wọ́n kó èyí tó gbó tí wọ́n tú fún òun. Mẹkáníìkì tó bá bínú sí ìyẹn, kó wá ẹlòmíràn.